Ìgò Ẹ̀jẹ̀ Bàbá Òǹtẹ̀

Bí àlejò bá wọ Ìpótì-Èkìtì tí ó ní ilé Ọ̀gbẹ́ni Olúrántí Àjàyí ni òun ń wá, wọ́n lè tọ́ka sí ilé mẹ́rin fún un kí ó má sì sí èyí tó ń wá nínú wọn, nítorí orúkọ Àjàyí pọ̀ nílùú bí ewé kòkó. Ṣùgbọ́n bí ó bá lè pe Bàbá Òǹtẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ pàdé ni yóò fà á lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà.

Ilé ìfìwéránṣẹ́ ni Olúrántí ti ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n rẹ̀ títí ewú fi gba gbogbo orí. Kẹ̀kẹ́ ni ó kọ́kọ́ ń gùn, tó fi ń pín lẹ́tà láàárín Ìjerò, Ìpótì àti Odò-Ọwá; nígbà tó yá, ó di ọ̀gá tó ń jókòó sẹ́yìn tábìlì. Ohun tó gbà gbọ́ ṣìkejì Ọlọ́run ni pé ohun tí a bá ti dì, tí a sì ti fi òǹtẹ̀ lù, ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti tú u. Ìfẹ̀yìntì kò gba ìgbàgbọ́ yìí lọ́wọ́ rẹ̀. Bí Grace aya rẹ̀ bá fẹ́ fi ẹ̀wà ránṣẹ́ sí Túnmiṣe ọmọ wọn tó ń ṣiṣẹ́ tíṣà ní Adó, Bàbá Òǹtẹ̀ yóò fi okùn di ẹnu àpò náà, yóò yọ́ ìda àbẹ́là sórí kókó okùn, yóò sì fi òrùka àtijọ́ kan tẹ̀ ẹ́.

“Bàbá Túnmiṣe,” ni Grace máa ń wí, “ẹ̀wà ni o. Kì í ṣe àpótí ìdìbò.”

“Bó bá jẹ́ pé ẹ̀wà ni wọ́n ń dì nínú àpótí ìdìbò ni,” ọkọ a dáhùn, “wọn kì bá tí jí i.”

Nígbà tí télígíráàmù ṣì wà láyé, òun ni ó ń gbé e káàkiri. Bí àwọn ènìyàn bá ti gbúròó aago kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ lẹ́tà, igbe ni wọ́n máa ń fi bọnu, nítorí wọ́n gbà pé ikú nìkan ló ń fi ìkánjú ránṣẹ́. Obìnrin kan wà ní Odò-Ọwá tó yí gbirigbiri nílẹ̀ títí ìró rẹ̀ fi pọ́n bí osùn. Àwọn aládùúgbò ti ń to àga fún àwọn tí yóò wá bá a kẹ́dùn kí Olúrántí tó ráàyè ka ìwé náà sí i létí. Ọmọ rẹ̀ ló bí ìbejì sí Kàdúná. Láti ọjọ́ náà ni ọkùnrin náà ti ní gbólóhùn kan tó fi máa ń ṣáájú kí ó tó fi télígíráàmù lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́: “Ẹ jẹ́ ká kà á ná.”

Ọdún kejì rèé tí àrùn fi ọ̀nà ẹ̀bùrú wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ó ń tú kòkó ká lórí àpáta tí wọ́n ń sá a sí lẹ́yìn ilé, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó sì fi ìhà lélẹ̀. Wọ́n gbé e lọ ya àwòrán àyà ní Adó. Egungun ìhà kò ṣẹ́, ṣùgbọ́n àwòrán rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò rán an: kókó kan jókòó sínú ẹ̀dọ̀fóró ọ̀tún, kò tíì tó ẹyin ẹyẹlé. Jẹjẹrẹ ni. Ọkùnrin tí kò fa sìgá rí láyé ń bi ara rẹ̀ pé níbo ni ó ti yá a. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti wí i: igi gànràngànràn má gún mi lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Òkèèrè ni wọ́n ti rí tirẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Ìbàdàn gé apá ibi tí kókó náà wà kúrò, ó sì padà sílé pẹ̀lú àpá gígùn kan lábẹ́ apá, èyí tó ń fi han àlejò bí ọmọdé ṣe ń fi bàtà ọdún hàn.

Dókítà Tọ́lá, obìnrin tí kò ju ọmọ tó bí lọ, ni ó ń bójú tó o ní Adó. Òun ló jókòó tì í, tó sì la ọ̀rọ̀ náà yé e.

“Bàbá, irú kókó yìí a máa tú àwọn nǹkan kan sínú ẹ̀jẹ̀. Àmì ni à ń pè wọ́n. Kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún yín, àmì náà ti ga nínú ẹ̀jẹ̀ yín ju bó ṣe yẹ kí kókó tó kéré tó bẹ́ẹ̀ gbé e ga lọ. Àwọn tí tiwọn bá rí bẹ́ẹ̀, àrùn náà a máa tètè fẹ́ padà wá bá wọn ju àwọn tí tiwọn rẹlẹ̀. Mi ò ní ó di dandan o. Ohun tí mo ń wí ni pé a ò ní pa ojú dé. Ní báyìí tí wọ́n ti gé e, àmì náà ti wálẹ̀. Bó bá dúró sílẹ̀, ayọ̀ ni. Bó bá tún ń gòkè, ó lè ta wá lólobó kí àwòrán tó rí nǹkan kan, kí ẹ̀yin fúnra yín tó mọ̀ ọ́n lára.”

Bàbá Òǹtẹ̀ mi orí. “Ó ti yé mi yékéyéké, Dókítà. Télígíráàmù ni ẹ̀jẹ̀. Àwòrán ni lẹ́tà tó ń bọ̀ lẹ́yìn.”

“Bàbá, kí ni télígíráàmù?”

Ẹ̀rín tí Bàbá Òǹtẹ̀ rín lọ́jọ́ náà, ojú abẹ rẹ̀ ló dá a lẹ́kun.

Wọ́n wá fi ètò kan lélẹ̀. Ní oṣù mẹ́rin mẹ́rin, Nọ́ọ̀sì Mercy ní ilé ìwòsàn kékeré ti Ìpótì yóò fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú ìgò. Túnmiṣe yóò wá láti Adó, yóò gbé e sínú kúlà tó kún fún yìnyín, yóò sì gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò. Kò sí ẹni tó nílò kí a sọ ẹni tí yóò di ẹnu kúlà náà fún un. Okùn, ìda, òrùka. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé àyẹ̀wò ti mọ ẹrù Ìpótì lójú. Ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń bá a jà.

Èsì dé, èsì lọ, àmì náà rọra jókòó sílẹ̀ bí ọmọ tó jẹun yó. Ọkàn Bàbá Òǹtẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí balẹ̀, àlá rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí gùn. Oko kòkó tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ lójú ọ̀nà Odò-Ọwá ti darúgbó. Èso tó ń so kò tó èyí tí ọ̀kẹ́rẹ́ ń jẹ. Ó ní òun yóò tún un gbìn. Ó gbin irúgbìn sínú ọ̀rá dúdú, ó tò wọ́n sábẹ́ ìbòji imọ̀ ọ̀pẹ lẹ́yìn ilé, ó sì ń bu omi sí wọn láràárọ̀. Kòkó kì í ṣe àgbàdo. Ẹni tó bá gbìn ín ń bá Ọlọ́run dá àdéhùn ọdún mẹ́ta mẹ́rin kí ó tó fi ẹnu kan èso rẹ̀.

Bánjọ, olùkọ́ àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, tí ògiri kan ṣoṣo sì pààlà ilé rẹ̀ àti tirẹ̀, yọjú wo àwọn irúgbìn náà.

“Òǹtẹ̀, ó dára o. Ta ni yóò wá ká a?”

“Èmi ni. Ìwọ ni n óò sì gbà ní lébìrà, bí ẹ̀yìn rẹ bá ṣì ń tẹ̀.”

Bánjọ ń rẹ́rìn-ín lọ, ṣùgbọ́n Bàbá Òǹtẹ̀ ti dá ìpinnu kan nínú ara rẹ̀: òun kò ní kó irúgbìn kan dé oko kí èsì ẹ̀jẹ̀ ìgbà òjò yìí tó dé. Bí àmì bá ṣì wà nílẹ̀, òun yóò gbin kòkó. Bí ó bá ti gòkè, kí ni àgbà ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin ohun tí kò ní rí?

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà. Túnmiṣe ti dé, ó jókòó, ó ń jẹ iyán nílé ìdáná. Kúlà wà lórí tábìlì nínú pálọ̀, ìgò ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, okùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá Òǹtẹ̀ wọ yàrá lọ mú àbẹ́là àti ìṣáná. Ìṣáná kò sí níbi tó fi í sí, nítorí Grace ti palẹ̀ yàrá mọ́, ẹni tó bá sì ti gbé ilé aláya mọ̀ pé ohun tí wọ́n bá palẹ̀ rẹ̀ mọ́ ti di àwátì.

Ní àkókò náà gan-an ni Màmá Abigail wọlé. Àbúrò bàbá Olúrántí ni, àbígbẹ̀yìn ìdílé, ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ìyá ìjọ nínú Ṣọ́ọ̀ṣì CAC. Òun nìkan ni ènìyàn tí òfin òǹtẹ̀ kò mú láyé, nítorí òun ló ń wẹ̀ Olúrántí nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́. Nígbà tí Bàbá Òǹtẹ̀ padà jáde pẹ̀lú ìṣáná, ó bá Màmá lórí àga, ó ká ọwọ́ lé itan, ojú rẹ̀ tutù pẹ̀sẹ̀ bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oúnjẹ Olúwa.

“Màmá, ẹ káàárọ̀. Ṣé ẹ óò jẹun?”

“Mo ti jẹ uṣu nulé kí n tó wá. Di ẹrù rẹ, ọmọ mi. Gbogbo rẹ̀ ti dáa.”

Ó di í. Kò di ẹrù kan dáa tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni Dókítà Tọ́lá pè é wá sí Adó. Ó wo ojú obìnrin náà, ó sì mọ irú télígíráàmù tí èyí jẹ́.

“Bàbá, ọ̀kan nínú àwọn àmì náà ti fò sókè gan-an. Ohun tí kò yé mi ni pé àwọn ìyókù kò fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan. Wọn kì í sábà ṣe báyìí. Ṣé ẹ ń húkọ́? Ṣé ẹ ń rù?”

“Ìyàwó mi ní mo ń sanra.”

“Ṣé kò sí ẹni tó ṣí ìgò yẹn lójú ọ̀nà?”

Bàbá Òǹtẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde. “Dókítà! Ìda ni mo fi dí i!”

“Wọ́n sọ fún mi. Wọ́n ní ọ̀bẹ wọn ti kú tán lórí ìda yín.” Obìnrin náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú. “Èsì ẹyọ kan kì í dájọ́, Bàbá. A óò tún ẹ̀jẹ̀ náà wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Bó bá ṣì ga, a óò ya àwòrán.”

Bí ó ti padà wọlé ní Ìpótì, ó ní kí Grace bá òun pe Bánjọ, kí ó wá kó àwọn irúgbìn kòkó náà lọ.

Grace wò ó. “Ẹ jẹ́ ká kà á ná,” ni ó wí.

Ọgbọ̀n ọdún ni Bàbá Òǹtẹ̀ fi ń ta gbólóhùn náà fún àwọn ẹlòmíràn. Ọjọ́ tí wọ́n wá tà á padà fún un, ó rí i pé ọjà náà wọ́n.

Bánjọ dé, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó wo irúgbìn, ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó wá họ orí. “Mi ò tíì ní ibi tí n óò gbìn wọ́n sí. Jẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀ ná.” Láti ọjọ́ kejì, òun ni ó ń fo ògiri wá bu omi sí wọn láràárọ̀, nítorí ẹni tó ni wọ́n kò dé ẹ̀yìn ilé mọ́. Orí àga ni ó ń jókòó sí, tó ń fi ọwọ́ pa àpá ìhà rẹ̀. Kì í ṣe ikú gan-an ni ó ń rò. Bí Grace yóò ṣe máa wá ìṣáná tí kò sí ẹni tí yóò bá a jà sí i ni ó ń rò.

Ọjọ́ Àìkú, bí ìsìn ti parí, Màmá Abigail wá bẹ̀ ẹ́ wò nítorí kò rí i ní àga rẹ̀. Grace ló sọ fún un pé èsì ẹ̀jẹ̀ kò dára, pé àmì àrùn ti gòkè.

“Ẹ̀jẹ̀ wo?” ni Màmá bi í.

“Èyí tí wọ́n fà lọ́jọ́ Sátidé tí ẹ wá, Màmá.”

“Irọ́ ni!” Màmá fi ọ̀pá lu ilẹ̀. “Irọ́ ni wọ́n ń pa. Ẹ̀jẹ̀ tí mo fi ẹnu ara mi súre fún?”

Bàbá Òǹtẹ̀ gbé orí sókè. “Ẹ ní kí ni, Màmá?”

“Mo ní mo súre fún un! Nígbà tí o wọ yàrá. Ṣé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́ ni? Mo gbé ìgò náà, ìdérí rẹ̀ le bí ojú olówó. Mo fi eyín tú u.”

“Eyín?” ni Grace ké.

“Eyín wo, Màmá?” ni ọkọ rẹ̀ bi í. “Ṣebí mẹ́rin ló kù lẹ́nu yín!”

“Mẹ́rin náà ń ṣiṣẹ́! Mo tú u, mo gbé ẹnu lé e, mo ní: Ẹ̀jẹ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, àrùn kò ní gbé inú rẹ. Mo wá tu itọ́ ìre sí i lẹ́ẹ̀mẹta, ní orúkọ Baba, ní orúkọ Ọmọ, ní orúkọ Ẹ̀mí Mímọ́. Bí bàbá rẹ ti ń ṣe é sí àtẹ́lẹwọ́ yín náà nìyẹn bí ẹ bá ń lọ ìrìn àjò. Ìre tí kò bá bá itọ́ jáde, gbígbẹ ni. Mo wá dé e padà. Ọ̀rọ̀ mi ò gbọdọ̀ jábọ́, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa.”

Bàbá Òǹtẹ̀ wo òrùka ọwọ́ rẹ̀. Itọ́ àbúrò bàbá rẹ̀ ni ó fi okùn àti ìda ṣọ́ dé Adó, tí ẹnikẹ́ni kò fi rí i fọwọ́ kàn lọ́nà.

Ó na ọwọ́ sí fóònù. Dókítà Tọ́lá gbé e, ó gbọ́ ọ títí dé orí eyín mẹ́rin, ó sì gbé fóònù jìnnà sẹ́nu. Ẹ̀rín ló ń rín.

“Bàbá, ẹ má bínú. Àmì tó fò sókè yẹn, inú itọ́ ẹnu gbogbo ènìyàn ló kún sí fọ́fọ́, tó fi mọ́ tèmi. Ẹ̀kán díẹ̀ ti tó láti gbé e dé òrùlé. Àrùn kọ́ ni ó jọ, itọ́ Màmá ni. Ṣùgbọ́n mi ò ní búra fún yín. Ẹ wá kí a fa òmíràn, níbí ni kí ẹ ti wá fà á. Kí Màmá má sì fi ẹnu kan ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni mọ́, kò dára fún àwọn náà.”

Ìrètí ti wọlé, ṣùgbọ́n kò tíì jókòó. Bàbá Òǹtẹ̀ mọ̀ pé itọ́ lè wà nínú ìgò kí àrùn náà sì wà nínú ara. Síbẹ̀, ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Bánjọ bá a níwájú àwọn irúgbìn náà pẹ̀lú kete omi lọ́wọ́.

“Ṣé o ti gba iṣẹ́ mi lọ́wọ́ mi?” ni Bánjọ wí.

“O ń bomi jù wọ́n. Wò ó, o ti sọ wọ́n di ìrẹsì.”

Màmá Abigail kọ̀ jálẹ̀ pé àfi kí òun tẹ̀ lé wọn lọ sí Adó. Ní ẹnu ọ̀nà yàrá tí wọ́n ti ń fa ẹ̀jẹ̀, Dókítà Tọ́lá kúnlẹ̀ kí i, ó sì fi ìbòmú kan lé e lọ́wọ́.

“Màmá, ẹ gbàdúrà yín sí orí Bàbá báyìí, kí abẹ́rẹ́ tó wọlé. Ẹ kàn bá wa fi èyí bo ẹnu.”

Màmá yẹ aṣọ náà wò. “Àdúrà yóò ṣe jáde?”

“Ó ń gba inú rẹ̀ kọjá, Màmá. Itọ́ nìkan ni kò ní ìwé ìrìnnà.”

Màmá bo ẹnu, ó gbé ọwọ́ lé orí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì gbàdúrà tó gùn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aláìsàn mìíràn tó wà lórí ìjókòó fi ń ṣe àmín fún ara wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fa ẹ̀jẹ̀. Kò sí okùn, kò sí ìda. Bàbá Òǹtẹ̀ fi ojú sin ìgò náà títí ó fi wọ ilẹ̀kùn.

Aago ọwọ́ rẹ̀ kò sáré rí bíi ti ọ̀sẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ni kò falẹ̀ rí tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí fóònù dún, òun àti Grace ń ṣa ẹ̀wà. Ó wo orúkọ tó yọ, ó sì wo aya rẹ̀.

“Ẹ jẹ́ ká kà á ná,” ni wọ́n jọ wí.

Àmì náà ti padà sílẹ̀, ibi tó wà tẹ́lẹ̀ gan-an. “Kò gòkè rárá, Bàbá,” ni Dókítà wí. “Mo tún gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún yín: kì í ṣe ìbúra. Ní oṣù mẹ́rin sí i, a óò tún wò ó. Ṣùgbọ́n ti òní, ẹ lọ jẹun.”

Grace da ẹ̀wà tó ti ṣà pọ̀ mọ́ èyí tí kò tíì ṣà, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú, èjìká rẹ̀ sì ń mì. Ẹ̀rín ni.

Òjò rọ̀ ní òru Ọjọ́bọ̀. Ní àárọ̀ Ẹtì, wọ́n kó irúgbìn kòkó dé oko bàbá rẹ̀ lójú ọ̀nà Odò-Ọwá. Bánjọ ló ń gbẹ́ ihò, ó ń ráhùn nípa ẹ̀yìn rẹ̀. Bàbá Òǹtẹ̀ ló ń fa ọ̀rá ya, tó ń fi irúgbìn sínú ilẹ̀, tó ń fi àtàǹpàkò tẹ erùpẹ̀ mọ́ ọn nídìí gẹ́gẹ́ bí ó ti ń tẹ ìda. Màmá Abigail jókòó sórí kùkùté kan. Wọ́n kó àwọn irúgbìn tó kù síwájú rẹ̀, kí ó súre fún wọn. Ó na ọwọ́ sí àpò, ó mú ìbòmú jáde, ó ń wá ibi tí etí rẹ̀ wà.

“Màmá,” ni Bàbá Òǹtẹ̀ wí, “ẹ bọ́ ọ. Ẹ má fi mọ níwọ̀n níbí o. Ibí yìí ni itọ́ yín ti níṣẹ́.”

Ojú Màmá là bí ìgbà tí oòrùn yọ lẹ́yìn òkè. Ó súre, ó sì tu itọ́ ìre lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹni ọgbọ̀n ọdún. Bánjọ, tó bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò tó ń gbẹ́, fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ìpín tirẹ̀ kúrò lójú.

“Òǹtẹ̀,” ó wí, “mo tún béèrè o. Ta ni yóò ká kòkó yìí?”

“Mo ti sọ fún ọ. Gbẹ́ ihò rẹ.”